Ta Ni Ìbàdíàrán?

Bàtà ni Tèmidire kọ́kọ́ rí. Bàtà iṣẹ́ dúdú méjì tí gírísì ti gbẹ mọ́ nímú dúró sí ibi tó yẹ kí ojú èèyàn wà. Lífìtì ilé-ìkàwé tí òun àti kẹ̀kẹ́ ìwé rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ti há sí àárín àjà kejì àti ìkẹta, ilẹ̀ àjà kẹta sì bá èjìká rẹ̀ dọ́gba. Bàtà náà sún sẹ́yìn. Ọkùnrin tó wọ̀ ọ́ kúnlẹ̀, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀, ó sì yọ orí wọlé. Iná kékeré kan ń tàn níwájú fìlà ike rẹ̀.

Níbi tí àwọn méjèèjì ti wá, ọkùnrin kì í dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Láti ìgbà tí iná ti ṣẹ́jú ni Tèmidire ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú pé, "Olúwa, ẹ má jẹ́ kó já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó já."

"Kò lè já," ni ọkùnrin náà wí ní Yorùbá, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ò ní rọ̀ lónìí.

Tèmidire gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Sípíríǹgì ló máa ń di bíréèkì ẹ̀ mú. Iṣẹ́ tiná ni láti tú u sílẹ̀. Tí iná bá wá lọ, kò sóhun tó máa tú u sílẹ̀ mọ́, sípíríǹgì á dì í mú gírígírí. Kò bàjẹ́ o. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe."

"Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni láti há èèyàn mọ́nú àpótí irin, ẹ bá mi sọ fún un pé ó mọṣẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i kó lè fà á jáde. Tèmidire kò di ọwọ́ náà mú. Ìwé mẹ́ta ló kó lé e lọ́wọ́.

"Ìwé ta nìyí?"

"Ti òyìnbó Jámánì kan. Ó ti kú."

"Ẹ fẹ́ bá ìwé òkú há síbí?"

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé mo kó wọn. Àwọn ló máa kọ́kọ́ jáde."

Ó gba àwọn ìwé náà díẹ̀díẹ̀, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láìjẹ́ kí èyíkéyìí fara kan gírísì, lẹ́yìn náà ló wá fa obìnrin náà jáde. Akíndàmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, Tèmidire ti mọ̀ pé Dàmọ́lá ni wọ́n ń pè é nílé, pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kó wọn wá sí Kánádà, àti pé Courtice, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Toronto, ni ìyá náà ń gbé báyìí.

Lífìtì náà kò ní àrùn kankan mọ́, ṣùgbọ́n Dàmọ́lá padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìyẹn. Ní ìgbà kẹta, obìnrin tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìkàwé náà sọ fún Tèmidire pé dókítà lífìtì ti dé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ mu kọfí. Nígbà tó yá, wọ́n ń jọ wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, títí dé ìdí omi, wọ́n á rìn lẹ́bàá adágún náà títí etí wọn á fi tutù. Ní ọjọ́ kan, Tèmidire ní òun fẹ́ rí ibi tí ẹ̀rọ náà wà gan-an, Dàmọ́lá sì mú un gun òkè ilé condo gogoro kan tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀. Ó fi okùn irin náà hàn án, ó sì fi hàn án lórí fóònù rẹ̀ bí irin ńlá tó wà lódìkejì okùn náà ti rí.

Ó ṣàlàyé pé wọ́n wọn irin náà kó lè tẹ̀wọ̀n tó lífìtì tí èrò bá kún dé ìdajì. Bí ọ̀kan bá ń lọ sókè, èkejì á máa bọ̀ nílẹ̀. "Àwọn méjèèjì ló ń gbé ara wọn. Ìwọ̀nba tó kù ni ẹ́ńjìnnì ń gbé."

Tèmidire wo okùn náà, ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọnu ìfẹ́ sọ́mọ èèyàn ní Courtice nìyí?"

"A máa ń kọ́kọ́ ṣe test rẹ̀ ná."

"Ọ̀gbẹ́ni Lífìtì, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ìdáhùn tí Tèmidire fún un kò gùn, ariwo ẹ̀rọ sì bo díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti yọ kúrò lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Òkú Jámánì tó ni ìwé wọ̀nyẹn ni Ewald Tiedke. Lámèyítọ́ ni, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ìwé, ewì àti àṣà. Kó tó di ẹni ńlá ní Toronto, ó ti gbé ọdún méjì ní Ìsẹ́yìn nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, nínú agbo ilé kan tí wọ́n ti gbà á lálejò. Ohun tó wá sí Ìsẹ́yìn fún ni ẹkún ìyàwó, ewì tí ọmọbìnrin máa ń sun kiri ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé ìyàwó tó ń sunkún kò kàn ń sunkún lásán, ẹjọ́ ló ń rò. Ó ń bi ilé bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, níṣojú gbogbo èèyàn, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè ní kó dákẹ́.

Ilé-ìkàwé aládàáni tí Tèmidire ń bá ṣiṣẹ́ lẹ́bàá òpópónà Bloor fẹ́ fi orúkọ ọkùnrin náà sọ yàrá ìkàwé kan. Wọ́n gba Tèmidire síṣẹ́ láti ṣe ìpàtẹ tí wọ́n fi máa ṣí yàrá náà: àwòrán, ìwé, ohùn orin, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò tíì pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi kọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n ní olè ni Tiedke, pé ẹnu àwọn obìnrin Ìsẹ́yìn ló ti gbọ́ gbogbo ohun tó kọ, kò sì dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn mìíràn ní bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ta ni ìbá mọ ewì náà ní Yúróòpù? Àríyànjiyàn náà wọ inú ìwé ìròyìn.

Ojú ewé kan wà níwájú ìwé náà tí ìhà méjèèjì máa ń nàka sí. Níbẹ̀ ni Tiedke ti fi ìwé rẹ̀ ta ẹnì kan lọ́rẹ: "Fún Ìbàdíàrán, tó mọ gbogbo rẹ̀." Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì ti kọ ọ́ tipẹ́ pé obìnrin tí Tiedke ń bá fẹ́ra ní Ìsẹ́yìn ni, nítorí kò sẹ́ni tó máa pe ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lásán ní ẹni tí ìbàdí rẹ̀ jọ aṣọ àrán. Gbogbo ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Tèmidire pàápàá sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún ògiri.

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, Dàmọ́lá mú un lọ sí Courtice kó lọ kí ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Màmá Olúfúnkẹ́. Obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, tó máa ń wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tó ti ń dùn ún. Tèmidire kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó sì bá a bu ọbẹ̀. Màmá bi í léèrè ìlú bàbá rẹ̀, ó bi í léèrè ìjọ tó ń lọ, ó sì bi í bóyá Dàmọ́lá ti sọ fún un pé òun kì í fọ abọ́. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí ó fi bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Tèmidire fi ìdùnnú sọ ọ́. Ó dárúkọ Ìsẹ́yìn, ó dárúkọ ẹkún ìyàwó, ó dárúkọ ọkùnrin náà.

Màmá gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. "Tiedke?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Ilé bàbá ìyá mi ló gbé. Ìyá mi ló máa ń mú un kiri ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó. Tíṣà ni wọ́n nígbà náà, wọn ò tíì lọ́kọ. Pé ẹjọ́ ni ìyàwó ń rò, ìyá mi ló sọ ọ́ fún un. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà kí n tó mọ̀wé kà." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ó kó gbogbo iṣẹ́ ìyá mi sínú ìwé, kò dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó wá fi ìwé náà ta àlè rẹ̀ lọ́rẹ. Hàbíbàt lorúkọ ìyá mi. Ṣé o ti rí i nínú ìwé náà rí?"

Tèmidire kò rí i rí.

Dàmọ́lá mọ̀ pé òyìnbó kan ti ṣẹ ìyá àgbà rẹ̀ nígbà kan, àmọ́ kò mọ orúkọ òyìnbó náà, bẹ́ẹ̀ ni kò bi Tèmidire rí nípa òkú tó ni àwọn ìwé yẹn. Ó gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì wà tó mọ bí nǹkan ṣe rí nínú agbo ilé náà. Màmá ní ẹnì kan ṣoṣo tó kù ni Ìyá Malton, ìyàwó kékeré ẹ̀gbọ́n ìyá òun, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Malton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òyìnbó náà ti lọ ni wọ́n gbé ìyẹn níyàwó. Kí ló fẹ́ mọ̀?

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Màmá kò bínú. Ó di ọbẹ̀ fún Tèmidire. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti sọ fún ọmọ rẹ̀, kí Tèmidire lè gbọ́, pé òun kò ní fi ẹni tó ń gbé orúkọ ọkùnrin yẹn kọ́ ògiri ṣe ìyàwó nílé òun.

Nínú mọ́tò, Dàmọ́lá bi í bóyá kò lè wá iṣẹ́ mìíràn. Tèmidire ní bí òun bá lọ, ẹlòmíràn á ṣe ìpàtẹ náà, ẹni náà kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Hàbíbàt. Dàmọ́lá ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìyá òun ńkọ́? Tèmidire ní òun kọ́ ni òun kọ ìwé náà. Ọ̀rọ̀ náà le síwájú sí i lójú ọ̀nà márosẹ̀ 401. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ọ̀nà ilé Tèmidire, àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí àlejò. Ó ní "ẹ ṣé", ọkùnrin náà sì ní "ó dàárọ̀".

Òjò dídì bẹ̀rẹ̀, wọn kò pe ara wọn. Ẹlòmíràn ni ilé iṣẹ́ Dàmọ́lá rán wá yẹ lífìtì wò. Obìnrin ẹnu ọ̀nà náà kò dárúkọ dókítà lífìtì mọ́.

Ìyá Tèmidire pè é láti Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ kan bó ṣe máa ń ṣe. Ó sọ fún un nípa iná mànàmáná, nípa orúnkún bàbá rẹ̀, ó wá ní, "Akọ̀wé ní kí n kí ẹ."

Àbúrò bàbá Tèmidire ni Akọ̀wé. Wẹ́dà ni, kò jókòó sí ọ́fíìsì rí láyé rẹ̀. Láti kékeré ni Tèmidire ti ń pè é ní Bùọ̀dá Akọ̀wé, kò sì ronú sí i rí. Lọ́jọ́ yìí, ó ronú sí i.

"Mọ́mì, ta ló sọ wọ́n ní Akọ̀wé?"

"Èmi ni. Nígbà tí mo dé ilé wọn, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, pẹ́ńsùlù kì í kúrò lápò ẹ̀."

"Kí lorúkọ wọn gan-an?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bi bàbá ẹ. Mo bá a nílé, ọkọ mi ni. Ṣé èmi ni màá la orúkọ mọ́ ọn lórí?"

Gbogbo ọdún tó ti lò nílé ọkọ, kò pe orúkọ náà. Kò fẹ́ pè é lórí fóònù pàápàá.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ó dìgbà, Tèmidire mú ìwé Tiedke, ó ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ti kà láìmọye ìgbà. Ọkùnrin náà sọ ọ́ gbangba níbẹ̀ pé nínú ilé ìdáná ni òun ti kọ́ Yorùbá, lẹ́nu ìyàwó ilé tó ń se oúnjẹ fún òun. Tèmidire gbé ìwé náà kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu ìyàwó ilé ló ti gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ ilé, kò gbọ́ orúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Orúkọ tí ìyàwó sọ wọ́n ló gbọ́.

Ó pe Dàmọ́lá. "Mi ò pè ẹ́ nítorí àwa méjèèjì. Mo fẹ́ rí Ìyá Malton."

Dàmọ́lá kò bi í léèrè ìdí. Ó ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Saturday. Nígbà tó dé, ó ti gbá òjò dídì kúrò níwájú ilé Tèmidire kó tó tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ó ní winter tyres, táyà òjò dídì tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí mọ́tò, ni òun fẹ́ dán wò, Tèmidire sì ní òun gbọ́.

Kàfáyàtù lorúkọ Ìyá Malton. Ó jókòó sẹ́bàá ẹ̀rọ amúlémóoru pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, àga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, bàálù ń kọjá lókè ilé bí ẹni tó fẹ́ wọlé. Ó bá Dàmọ́lá ṣeré pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀, pé obìnrin wo ló ń fi ebi pa á. Ó wo Tèmidire. "Ṣé ìwọ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi kọ́. Òun ló ń fi ebi pa ara ẹ̀."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Tèmidire jẹ́ kó mu omi tán, ó wá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ ilé nígbà tó dé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó.

Ìyẹn dùn mọ́ ọn. Ó ní ìyálé òun ló pe òun jókòó lọ́jọ́ kẹta, tó kọ́ òun ní orúkọ gbogbo wọn bó ṣe sọ wọ́n kóun tó dé, kóun má baà ṣì í pè. Ọkọ tó tẹ̀lé baálé ni Baba-ńlé. Ọmọdékùnrin tó máa ń sunkún ni Òjò-kú-tù. Obìnrin kan wà tó ń ṣe tíṣà, arẹwà ni, ó ga.

"Ìbàdíàrán là ń pe ìyẹn. Èmi náà bá a pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ sílé ọkọ l'Ékòó. Wọ́n ní òun àti òyìnbó kan ni wọ́n jọ máa ń lọ káàkiri nídìí ẹkún ìyàwó kí n tó dé."

"Ìyá, ta ni Ìbàdíàrán yẹn?" ni Dàmọ́lá bi í.

Ìyá Malton wò ó. Ó wo Tèmidire, bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa bá òun sọ ọ́. Ó nàka sí ọkùnrin náà. "Ìyá tó bí ìyá tìẹ ni."

Wọ́n padà sínú mọ́tò. Dàmọ́lá ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

"Gbogbo ayé ti ní àlè ọkùnrin yẹn ni Ìbàdíàrán. Tí a bá wá sọ pé ìyá àgbà ni, wọ́n á ní ìyá àgbà ni àlè ẹ̀. Ìyẹn á pa Mọ́mì."

"Mo mọ̀."

"Nígbà náà, ká fi sílẹ̀."

"Mi ò lè dá fi sílẹ̀, mi ò sì lè dá sọ ọ́. Ìyá Mọ́mì ẹ ni. Àwọn ni màá sọ fún kí ọ̀gá mi tó gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Tí wọ́n bá ní kí n pa á mọ́ra, màá pa á mọ́ra."

"Iṣẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, Dàmọ́lá."

Dàmọ́lá tan iná ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà tó lọ sí Courtice. Nígbà tí wọ́n dé, Tèmidire ní òun nìkan lòun máa wọlé. Dàmọ́lá jókòó sínú mọ́tò, ó sì ń wo fèrèsé ilé ìdáná ìyá rẹ̀.

Tèmidire kúnlẹ̀, kò sì dìde títí ó fi sọ ọ́ tán. Kò dín in kù, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó sọ ohun tí Ìyá Malton wí. Ó sọ ohun tí àwọn èèyàn lè fi ṣe bí wọ́n bá gbọ́. Ó ní òun náà ti kọ ọ́ rí pé àlè ni, òun sì tọrọ àforíjì.

Màmá Olúfúnkẹ́ dúró ti ibi ìfọwọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sí i. Omi ń dà, kò sì fọ nǹkan kan.

"Ọdún méjì ló fi jẹ oúnjẹ wọn," ló wí nígbà tó yá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyá mi ń mú un kiri lójoojúmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sì bi wọ́n pé kí lorúkọ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá ti omi pa. "Nígbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi pé àlè ló fi ìwé náà ta lọ́rẹ, wọ́n ní kò burú. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé kí lorúkọ àlè náà. Ojú ń tì wọ́n láti béèrè." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Àwọn ló wà níwájú ìwé náà ní gbogbo àkókò yìí. Àwọn, tí wọ́n mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kú láìmọ̀."

Ó jókòó. Tèmidire ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá ní kó dìde, ilẹ̀ náà tutù.

"Sọ ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí o sọ ọ́ tán. Kọ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Kọ èyí tí ìyàwó ilé sọ wọ́n, sì jẹ́ kí Ìyá Malton fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé bí ìyàwó ṣe ń sọ ọmọ ilé lórúkọ. Kọ ọ́ pé ìyá mi ló sọ pé ẹjọ́ ni ìyàwó ń rò, pé ọmọ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Má yọ òyìnbó náà kúrò. Kó wà níbẹ̀, kí wọ́n rí i pé kò béèrè."

"Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ọ̀rọ̀ òyìnbó la sọ lónìí o. A ò tíì sọ tìẹ àti ti Dàmọ́lá."

"Mo gbọ́, mà."

"Lọ pè é wọlé. Ó ti fi èémí bo gíláàsì mọ́tò yẹn."

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e kún fún iṣẹ́. Ọ̀gá Tèmidire ka ọ̀rọ̀ tuntun náà, ó tún un kà, ó sì gbà á wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé inú àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìkàwé kò ní dùn. Wọ́n lọ gba ohùn Ìyá Malton sílẹ̀, bàálù sì kọjá láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tèmidire ní kí wọ́n fi bàálù náà sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ara ògiri kì í ṣe ọ̀dà. Lẹ́tà tín-ínrín tí wọ́n gé lára ike ni, orí bébà ni wọ́n ti máa ń wá. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ ra á mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá rọra ṣí bébà náà kúrò láti igun kan. Ẹni tó bá kánjú ṣí i, àmì orí lẹ́tà á bá bébà lọ, Yorùbá sì kún fún àmì. Dàmọ́lá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wá bá a dì í mú. Wọ́n ṣí orúkọ Hàbíbàt papọ̀, Dàmọ́lá láti apá òsì, Tèmidire láti apá ọ̀tún, gbogbo àmì sì dúró.

"Ọwọ́ ẹ balẹ̀," ni Tèmidire wí.

"Nítorí ẹni tó ń wò mí ni."

"Mi ò wò ọ́. Orí ògiri ni mò ń wò."

"Mo mọ̀. Mo ń wò ọ́ bó o ṣe ń wò ó."

Kò sí ẹni tó dárúkọ ìgbéyàwó. Màmá kò tíì sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ sá kúrò níwájú rẹ̀ lọ gba ìwé ìgbéyàwó ní city hall. Tèmidire ti sọ ọ́ kedere: bí Màmá bá kọ̀ jálẹ̀, òun á bá Dàmọ́lá ṣọ̀rẹ́, òun kò ní jí ọmọ ọlọ́mọ gbé.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ náà, èrò pọ̀. Àríyànjiyàn náà kò sì parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan sọ pé ìwádìí yìí ti wẹ Tiedke mọ́, pé ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ó ti dá a lẹ́bi pátápátá, pé ta ló ń gbé ọdún méjì nínú ilé èèyàn tí kò mọ orúkọ wọn? Àwọn méjèèjì dúró síwájú ògiri kan náà, wọ́n ń nàka sí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìgbìmọ̀ ní àwọn ṣì ń ronú lórí orúkọ yàrá ìkàwé.

Màmá Olúfúnkẹ́ wá láti Courtice pẹ̀lú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síjọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Tèmidire kọjá, ó kí i, ó sì lọ dúró síwájú orúkọ ìyá rẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ó tún fi ẹ̀rọ agbọ́hùn sí etí, ó gbọ́ Ìyá Malton dé ibi tí bàálù ti kọjá, ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ètò Yorùbá lórí rédíò orí ayélujára. Ó mọ̀ pé ọmọ Hàbíbàt nìyí, ó sì sún mọ́ ọn. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i. Ó ní, "Mà, àwọn olùgbọ́ wa fẹ́ mọ̀. Ní báyìí tí ẹ ti rí gbogbo èyí, ṣé ẹ ti dárí ji Ọ̀jọ̀gbọ́n Tiedke?"

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí wọn. Tèmidire wà lẹ́bàá ọ̀wọ̀n, ó di àwo tí ife omi ọsàn wà lórí rẹ̀ mú. Dàmọ́lá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá ronú sí i. Ó wo òyìnbó inú àwòrán ara ògiri, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn tí kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù rẹ̀.

"N ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ìyàwó mi ló ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyàwó mi ni mo wá wò."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi í pé ìyàwó wọn èwo. Màmá kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn na ọwọ́ sí apá ibi ọ̀wọ̀n, bí ẹni tó mọ ibi tí nǹkan ilé rẹ̀ wà.

Dàmọ́lá gba àwo náà lọ́wọ́ Tèmidire.

"Ṣé o gbọ́?" ló bi í ní ohùn ìsàlẹ̀.

"Mo gbọ́."

"Kí lo wá sọ?"

Tèmidire ń wo Màmá, tó ti gbé ìwúwo ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ wá ọwọ́ Dàmọ́lá, ó dì í mú níwájú gbogbo èrò náà.

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Lọ bá Mọ́mì wa wá àga."